Ilé Àgùdà, Ilé Àlejò

Bí èèyàn bá bọ́ sílẹ̀ ní Egan, lójú ọ̀nà tó ti LASU lọ sí Ìṣẹrì, tó sì yà wọ inú àdúgbò lọ, kò ní pẹ́ tí yóò fi rí irú ilé kan tí gbogbo ọmọ Èkó mọ̀. Ẹnu ọ̀nà kan ló wà láàárín ojú ilé. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ gbọọrọ ló tẹ̀ lé e, yàrá lọ́tùn-ún, yàrá lósì, ilẹ̀kùn kọjú sí ilẹ̀kùn títí dé ẹ̀yìnkùlé, níbi tí kànga, ilé ìdáná àti balùwẹ̀ wà. Face-me-I-face-you ni à ń pè é. Kò sẹ́ni tó ń fi irú ilé bẹ́ẹ̀ yangàn. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá ti tẹ owó díẹ̀, kíkó ló ń kó kúrò níbẹ̀.

Àmọ́ ọmọ ọlọ́lá ni ilé yìí o. Ìran rẹ̀ ti òkè òkun wá, ilé ọlọ́rọ̀ ni bàbá ńlá rẹ̀ ní Èkó, àwọn ọ̀gá oníṣẹ́ ọwọ́ tí orúkọ wọn kò parẹ́ ló kọ́ ọ. Mo fẹ́ tọ ipasẹ̀ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, torí ọ̀rọ̀ kan wà tí kò jẹ́ kí n sùn dáadáa láti ọdún díẹ̀ sẹ́yìn. Káàkiri ayé, àwọn ìlú ń tún ilé àwọn oníṣòwò àtijọ́ ṣe, wọ́n ń sọ wọ́n di òtẹ́ẹ̀lì kékeré tí àlejò ń san owó gọbọi láti sùn. Àwa náà ní irú ilé bẹ́ẹ̀. A sì ń wó wọn.

Ilẹ̀ Àwórì ni Egan, gẹ́gẹ́ bí Ìgàndò, Ìkọ̀tún àti Ìdímù tó yí i ká. Ìtàn tí àwọn àgbà ń pa ni pé Olófin, Ògúnfúnminíre, tẹ̀ lé àwo kan tó ń léfòó lórí omi, pé ìgbà tí àwo náà rì ní Ìṣẹrì ni wọ́n tó dúró, àti pé ibẹ̀ ni orúkọ Àwórì ti wá, kí àwọn ọmọ rẹ̀ tó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Ẹ̀búté Mẹ́ta àti Ìddó. Agbo ilé ni àwọn èèyàn wọ̀nyí mọ̀: ògiri amọ̀, òrùlé koríko, yàrá yí àgbàlá ká, ojú gbogbo ilé sì kọ sínú. Àlejò kì í sanwó ibùsùn nínú rẹ̀. Oníṣòwò tó bá ti ọ̀nà jíjìn dé ní onílé tirẹ̀, ẹni tó ń dé sí lọ́dọ̀. Onílé náà ló ń fún un ní ẹní àti oúnjẹ, òun ló ń bá a wá oníbàárà, èrè tirẹ̀ sì wà nínú òwò tí wọ́n bá dì. Nítorí náà, kí ilé gba àlejò kí ó sì mówó wọlé, kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni kọ́ wa.

Òkun ló gbé àyípadà dé. Ní oṣù kìíní 1835, àwọn Mùsùlùmí tó wà nínú ìgbèkùn ẹrú ní ìlú Salvador, ní Bàhíà, lórílẹ̀-èdè Bràsíìlì, dìde sí àwọn olówó wọn. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ Yorùbá, tí wọ́n ń pè ní Nàgó lọ́hùn-ún, bẹ́ẹ̀ sì ni orúkọ tí wọ́n fún ọ̀tẹ̀ náà wá láti inú ọ̀rọ̀ wa, ìmàle. Ìjọba tẹ̀ ẹ́ rì kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fòòró àwọn dúdú tó ti gba òmìnira. Láti ìgbà náà ni àwọn tó rí owó ọkọ̀ ti ń padà bọ̀ wálé. Lẹ́yìn tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn lu Èkó ní oṣù kejìlá 1851, tí òwò ẹrú sì kásẹ̀ nílẹ̀ níbẹ̀, wọ́n wá pọ̀ sí i. Àgùdà ni à ń pè wọ́n, wọ́n sì tẹ̀dó sí ibi tí a ń pè ní Pópó Àgùdà: agbègbè Campos, Bámgbóṣé, Ìgbósẹ̀rẹ̀, títí kan òpópónà tó ń jẹ́ Tòkunbọ̀, orúkọ tó sọ ìtàn àwọn tó ni ín láìfi ọ̀rọ̀ kan kún un.

Àwọn Sàró tó ti Freetown dé mú ìwé àti iṣẹ́ kóòtù wá. Iṣẹ́ ọwọ́ ni ti àwọn Àgùdà. Mọlémọlé wà nínú wọn, káfíńtà wà, alágbẹ̀dẹ wà, aránṣọ wà. Ilé tí wọ́n kọ́ fún ara wọn jọ ilé tí wọ́n ti kọ́ fún olówó wọn ní Bàhíà, àmọ́ lọ́tẹ̀ yìí àwọn fúnra wọn ló ni ín, mo sì rò pé ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́ tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n yí ojú ilé sí títì. Wọ́n fi òkè fèrèsé ṣe ìlàjì òbìrí. Wọ́n fi ẹfun àti yẹ̀pẹ̀ mọ òdòdó, ẹyẹ àti kìnnìún sára ògiri, wọ́n sì kùn ún ní àwọ̀ tó ń dán. Igi ìrókò ni ilẹ̀kùn àti fèrèsé, wọ́n là á pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ kí atẹ́gùn lè wọlé kí oòrùn má sì bá a wọlé. Ní ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì, ìsàlẹ̀ ni ṣọ́ọ̀bù tàbí ibi iṣẹ́, òkè ni ẹbí ń gbé. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ la àárín já, yàrá wà lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Wọn kò sì gbàgbé àgbàlá: ó wà lẹ́yìn, pẹ̀lú kànga rẹ̀ àti ilé ìdáná rẹ̀.

Lázaro Borges da Silva àti Francisco Nobre ni ọ̀gá mọlémọlé tó kọ́ ilé ìjọsìn Holy Cross àkọ́kọ́ fún àwọn Kátólíìkì Èkó, ní nǹkan bíi 1880. João Baptista da Costa ló kọ́ mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey lójú òpópónà Martins, èyí tí wọ́n ṣí ní ọjọ́ 4 oṣù keje 1894. Súlútánì ilẹ̀ Tọ́kì, Abdul Hamid Kejì, ló fi oyè Bey dá Mohammed Shitta, ẹni tí mọ́ṣáláṣí náà ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, lọ́lá níbi ìṣílé yẹn, Abdullah Quilliam láti Liverpool ló sì ṣojú fún Súlútánì. Kí ẹ dúró níwájú ilé yẹn fún ìṣẹ́jú márùn-ún péré. Ọwọ́ Kìrìsìtẹ́nì tó kọ́ ilé Mùsùlùmí, pẹ̀lú ọgbọ́n tí wọ́n kọ́ lóko ẹrú, lórí ilẹ̀ àwọn Ìdẹ́jọ, àwọn olóyè onílẹ̀ Èkó: mi ò mọ ilé mìíràn ní Èkó tó gba gbogbo wa sínú báyẹn.

Nínú àwọn ilé ìgbé, èyí tí òkìkí rẹ̀ kàn jù ni Ilé Omi ní òpópónà Kakawa. João Èṣan da Rocha ló kọ́ ọ. Ẹni tí ogun kó lọ sí Bràsíìlì lọ́mọdé ni, ó padà dé pẹ̀lú aya àti ọmọ, ó sì gbẹ́ kànga sínú àgbàlá rẹ̀. Omi tó mọ́ ṣọ̀wọ́n ní Èkó ìgbà náà, wọ́n wá ń rà á lọ́wọ́ rẹ̀, ibẹ̀ ni ilé náà ti gba orúkọ. Òǹkọ̀wé ará Bràsíìlì, Antonio Olinto, fi ilé yìí ṣe ìpìlẹ̀ ìwé ìtàn àròsọ kan tó tẹ̀ jáde ní 1969. Ọmọ João, Candido, tí a bí ní 1860, tó sì kú ní 1959, ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń pè ní mílíọ́níà àkọ́kọ́ nílẹ̀ yìí. Ohun tí àwọn tó ń ròyìn ọrọ̀ rẹ̀ kì í sábà rántí ni pé ó ní òtẹ́ẹ̀lì: Bonanza Hotel, ní Èkó. Ọmọ Àgùdà, nínú ìlú àwọn Àgùdà, ti ń fi ilé gba àlejò kí ọ̀pọ̀ nínú wa tó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà òtẹ́ẹ̀lì rárá. Ilé kejì tí mo fẹ́ dárúkọ nìyí: ilé àwọn Fernandez, lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbàgede Tinúbú, tí wọ́n kọ́ ní 1855 gẹ́gẹ́ bí ilé ọtí àti ilé oúnjẹ. Ẹbí Ọláìyá rà á ní 1933, ó sì di Ìlọ́jọ Bar. A óò padà sórí rẹ̀.

Láti Èkó, ilé Àgùdà gba ọ̀nà oko lọ. Balógun Kúkù kọ́ tirẹ̀ sí Ìjẹ̀bú-Òde. Nígbà tí owó kòkó dé ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, Ìbàdàn, Iléṣà, Òṣogbo àti ìlú Èkìtì kún fún pẹ́tẹ́ẹ̀sì olódòdó. Àwọn ọmọṣẹ́ àwọn ọmọṣẹ́ Àgùdà ló ń kọ́ wọn, ọ̀pọ̀ kò sì mọ Bàhíà mọ́. Bí ó ti ń lọ síwájú ni ó ń fúyẹ́: òdòdó kọ́kọ́ bọ́ lára ògiri, fèrèsé di onígun mẹ́rin, pẹ́tẹ́ẹ̀sì di ilé ilẹ̀. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ nìkan ni kò yí padà, nítorí ó wúlò fún ẹni tó fẹ́ fi yàrá háyà.

Ọ̀nà tó gbà dé ọ̀dọ̀ wa ní Alímòṣọ́, ìjọba ìbílẹ̀ tí Egan wà, nìyẹn. Lẹ́yìn àjàkálẹ̀ àrùn eku tó bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó ní 1924, ìjọba amúnisìn dá ìgbìmọ̀ LEDB sílẹ̀ ní 1928 láti tún ìlú tò. Láti 1955, ìgbìmọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í wó àárín Èkó, ó ń kó àwọn èèyàn ibẹ̀ lọ sí Sùúrùlérè. Ní àwọn ọdún 1970, owó epo fa èrò sí i, ilé ní Sùúrùlérè gbówó lórí, àwọn èèyàn ibẹ̀ sì wá ra ilẹ̀ lọ́wọ́ Àwórì, ní Ìkọ̀tún, ní Ẹ̀gbẹ́dá, ní Egan. Ìjọba Gómìnà Jákàńdè, láàárín 1979 sí 1983, kọ́ ẹ̀sítéètì sí Abẹ́sàn. Ní ìkànìyàn 2006, kò sí ìjọba ìbílẹ̀ kankan ní ìpínlẹ̀ Èkó tí èèyàn rẹ̀ pọ̀ tó ti Alímòṣọ́. Èrò tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ nílò yàrá kíákíá. Bíríkìlà tó mọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan àti yàrá mẹ́wàá kò nílò kí ayàwòrán ilé kankan kọ́ ọ.

Ní àkókò kan náà, ìtàn òtẹ́ẹ̀lì Èkó ti yà sí ibòmíràn. Lábẹ́ ìjọba amúnisìn, òtẹ́ẹ̀lì tó dára jẹ́ ti òyìnbó. Ní 1947, Ivor Cummings, òṣìṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tí bàbá rẹ̀ jẹ́ dókítà ọmọ Sàró, wá sí Èkó lẹ́nu iṣẹ́ ọba. Bristol Hotel kọ̀ láti gbà á nítorí àwọ̀ rẹ̀. Ìlú gbóná. Àwọn oníwèé ìròyìn àti àwọn olóṣèlú kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà sùn, títí Gómìnà Arthur Richards fi ní kí wọ́n fòpin sí ìyàsọ́tọ̀ àwọ̀ ní irú ibẹ̀. Nígbà tí òmìnira wá dé ní 1960, ohun tí a fẹ́ fi hàn ayé ni ohun tuntun gbáà: Federal Palace, tí ilé-iṣẹ́ Leventis kọ́ sí etí omi fún ayẹyẹ náà, tó funfun, tó ga. Ó yé mi. Ẹni tí wọ́n ti ẹnu ọ̀nà lé padà yóò fẹ́ kọ́ ilé tirẹ̀ láti ìpìlẹ̀. Àmọ́ láti ọjọ́ yẹn ni a ti gbà pé kọ́ńkéré àti gíláàsì nìkan ni ọlá, tí ilé bàbá wa sì di ohun ìtìjú.

Ibòmíràn kò ronú bẹ́ẹ̀. Spéìn ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí òtẹ́ẹ̀lì ìjọba láti 1928, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi ń lo ilé olódi àti ilé àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ ẹ̀sìn tó ti ń wó lọ. Èyí tó wù mí jù wà ní Tallinn, olú ìlú Ẹstóníà. Àwọn ilé oníṣòwò mẹ́ta kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn níbẹ̀, lójú òpópónà Pikk, tí wọ́n ti wà láti ọ̀rúndún kẹrìnlá. Arábìnrin Mẹ́ta ni wọ́n ń pè wọ́n. Ìsàlẹ̀ ni oníṣòwò ti ń tajà, àjà ni ó ń kó ẹrù pamọ́ sí, igi kan yọ jáde lókè ojú ilé tí wọ́n fi okùn kọ́ láti fa àpò ọkà gòkè. Ogun kọjá lórí wọn, ìjọba Soviet kọjá. Lẹ́yìn tí orílẹ̀-èdè náà gba òmìnira rẹ̀ padà ní 1991, àjọ UNESCO kọ ìlú àtijọ́ náà mọ́ ogún gbogbo ayé ní 1997. Ní 2003, ilé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣí gẹ́gẹ́ bí òtẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo, tí yàrá rẹ̀ kò pé ọgbọ̀n. Wọn kò tẹ́ ògiri tó wọ́ kó lè tọ́. Wọn kò fi síìlì bo igi àjà. Nígbà tí Ọbabìnrin Elizabeth bẹ ìlú náà wò ní 2006, ibẹ̀ ló sùn.

Ẹ wo ìyẹn dáadáa: ṣọ́ọ̀bù nísàlẹ̀, ẹbí lókè, ẹrù lájà, ojú ilé tó kọ sí títì. Ilé Pópó Àgùdà ni, òtútù nìkan ló yà wọ́n sọ́tọ̀.

Kò sì di dandan kí a lọ jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Ní Saint-Louis, ní Sẹ̀nẹ̀gàl, ìlú tó di ogún ayé ní 2000, àwọn ilé oníṣòwò onípẹ́tẹ́ẹ̀sì pẹ̀lú àgbàlá wọn ti di ilé àlejò lọ́kọ̀ọ̀kan, Hôtel de la Poste sì ń gba àlejò síbẹ̀ látìgbà tí àwọn awakọ̀ òfuurufú tó ń gbé lẹ́tà, bíi Jean Mermoz, ti ń dé sí i. Ní Zanzibar, ará Amẹ́ríkà kan, Emerson Skeens, ra ilé àwọn oníṣòwò nínú ìlú olókùúta, ó tún un ṣe pẹ̀lú ọwọ́ àwọn oníṣẹ́ ibẹ̀. Àti ní Salvador fúnra rẹ̀, ní ìlú tí àwọn baba Àgùdà ti kọ́ iṣẹ́, ilé ẹ̀sìn Carmo tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ ti wà láti 1586 di òtẹ́ẹ̀lì ní 2005.

Ṣùgbọ́n mi ò ní fi ojú ire nìkan wò ó. Nígbà tí ìjọba ń tún Pelourinho ṣe ní Salvador ní àwọn ọdún 1990, ọ̀pọ̀ ẹbí dúdú tí kò lówó lọ́wọ́ ni wọ́n kó kúrò nínú ilé tí wọ́n ń kùn fún àlejò. Àwọn ọmọ ọmọ àwọn tó kọ́ ìlú náà di ẹni tó ń wò ó láti òkèèrè. Bí àtúnṣe bá máa dà bẹ́ẹ̀ ní Èkó, kí ilé náà kúkú máa wó.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 11 oṣù kẹsàn-án 2016, ni wọ́n wó Ìlọ́jọ Bar. Ìjọba ti kéde rẹ̀ ní ohun àjogúnbá orílẹ̀-èdè láti 1956, ìyẹn ọgọ́ta ọdún géérégé. Ó ti la ìjọba amúnisìn já, ó la ogun abẹ́lé já, ẹ̀rọ kátápílà kan ni kò là já. Ọ̀sẹ̀ náà ni mo kọjá níbẹ̀. Àwọn òpó tí àwọn Àgùdà mọ ti di àlàpà, ọmọdé kan ń ṣa irin nínú rẹ̀.

Ó rọrùn láti bú ẹni tó wó o. Ó yẹ ká tún béèrè ohun tó mú kí ilẹ̀ ṣófo dára lójú onílé ju irú ilé bẹ́ẹ̀ lọ. Ilé ẹbí ni púpọ̀ nínú wọn. Ní 1921, nínú ẹjọ́ Amodu Tijani, Olóyè Olúwa, tí Herbert Macaulay bá a lọ sí London, ilé ẹjọ́ gíga jù ti ọba Gẹ̀ẹ́sì gbà pé ilẹ̀ níbí kì í ṣe ti ẹnì kan, ti ẹbí àti ìlú ni. Ìdájọ́ yẹn gba ilẹ̀ wa là. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó kọ́lé bá bí ọmọ mẹ́jọ, tí ọmọ bímọ, ọgọ́rùn-ún èèyàn ni yóò di onílé láàárín ìran mẹ́rin. Ta ni yóò fi owó ara rẹ̀ pààrọ̀ páànù tó ń jò? Yàrá kan kò mú owó ilé tó nǹkan wọlé. Ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ sì jẹ́ ti àárín Èkó, tí owó rẹ̀ ń gòkè lójoojúmọ́. Ẹni tó bá gbé owó dé ní àárọ̀ kan, gbogbo ẹbí ni yóò tọwọ́ bọ̀wé.

Àtúnṣe tí kò yẹ náà ń pa wọ́n. Ògiri amọ̀ àti bíríkì àtijọ́ ń mí: òjò á wọ̀ ọ́, oòrùn á sì fà á jáde gba inú ẹfun tí wọ́n fi rẹ́ ẹ. Bíríkìlà òde òní dé, ó fi símẹ́ǹtì rẹ́ ẹ kó lè le. Símẹ́ǹtì dí ojú ògiri, omi há sínú, amọ̀ inú sì ń rọ̀ díẹ̀díẹ̀ títí tí gbogbo rẹ̀ yóò fi ya lulẹ̀. Àwọn tó ni ilé á wá sọ pé ó ti gbó jù. Ilé náà kò gbó. Wọ́n sé e lémìí ni.

A ní àpẹẹrẹ tó dára nílé. Ẹgbẹ́ Legacy, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1995, tún Jaekel House ṣe nínú ọgbà rélùwéè ní Ẹ̀búté Mẹ́ta, ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì tí wọ́n kọ́ ní 1898, ayàwòrán ilé John Godwin ló darí iṣẹ́ náà. Ẹ̀wọ̀n Broad Street, tó ti wà láti 1882, di Freedom Park ní 2010 láti ọwọ́ Theo Lawson. Méjèèjì ni mo fẹ́ràn. Àmọ́ ilé àfihàn àti ọgbà ìgbafẹ́ ni wọ́n, òru kì í bá èèyàn níbẹ̀. Ilé ìgbé tí ẹbí ṣì ni, tí àlejò ń sùn, tí owó rẹ̀ ń padà sọ́wọ́ ẹbí, ìyẹn ni a kò tíì rí ní Pópó Àgùdà.

Ó sì ṣeé ṣe. Kí ẹbí má ta ilé. Kí olórí ẹbí àti àwọn àgbà ẹbí fi háyà fún olùtọ́jú òtẹ́ẹ̀lì fún ogún tàbí ọgbọ̀n ọdún, kí àtúnṣe jẹ́ ti onítọ̀hún, kí ilé padà sọ́wọ́ ọmọ nígbà tí àdéhùn bá parí. Kí yàrá kan tàbí méjì wà fún ẹbí nísàlẹ̀ títí lọ, níbi tí wọ́n ti lè ṣe ìsìnkú àti ìkómọ. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ti wà, yàrá ti ní ilẹ̀kùn tirẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ògiri nípọn débi pé ilé tutù ní ọ̀sán. Ibi tí iṣẹ́ wà ni omi: balùwẹ̀ kò gbọdọ̀ wọ inú ògiri amọ̀, ẹ̀yìn ilé ni kí páìpù gbà, nínú ilé tuntun kékeré tí wọ́n bá fi ti àtijọ́ lẹ́yìn. Jẹnẹrétọ̀ náà, kí ó jìnnà. Oríṣiríṣi káfíńtà wà ní Ìsàlẹ̀ Èkó àti ní Mushin tó lè gbẹ́ fèrèsé ìrókò bí ẹnìkan bá gbé ọ̀kan tó ti wà tẹ́lẹ̀ síwájú wọn. Àwòṣe ni yóò kọ́kọ́ tán, kí ọwọ́ tó tán.

Ní Egan níbí, wọn kò dúró de ẹnikẹ́ni. Lójú ọ̀nà Ìgàndò, mo mọ ilé ọlọ́dẹ̀dẹ̀ kan tí àwọn ọmọ onílé ti lé ayálégbé jáde, tí wọ́n tẹ́ táìlì sílẹ̀, tí wọ́n fi ẹ̀rọ amúlétutù sí yàrá mẹ́wàá, tí wọ́n sì fi iná aláwọ̀ búlúù kọ «Guest House» sókè ẹnu ọ̀nà. Mo wọlé lọ béèrè iye owó. Ọ̀dọ́mọbìnrin tó jókòó sí tábìlì dìde, ó kúnlẹ̀ díẹ̀ kí mi, ó ní, «Ẹ káàbọ̀ sà, yàrá ṣì wà.» Lẹ́yìn rẹ̀ ni ọ̀dẹ̀dẹ̀ nà lọ, gígùn, tútù, ilẹ̀kùn márùn-ún lọ́tùn-ún, márùn-ún lósì, ìmọ́lẹ̀ àgbàlá sì ń tàn níparí rẹ̀, bí ó ti ń tàn ní Kakawa.